Ẹni Tó Dùbúlẹ̀ Nínú Yàrá Òfìfo

Bí ẹ bá jí Orí-òwú lójú oorun, kí ẹ bi í pé kí ni ohun tó kọ́kọ́ rántí láyé rẹ̀, kò ní ronú rárá tí yóò fi dá yín lóhùn. Yàrá kan ni. Yàrá òfìfo tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde, tí oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, tó sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ. Bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi apá ṣe ìrọ̀rí, ó ń wo àjà. Òun náà, ọmọ ọdún márùn-ún, dùbúlẹ̀ tì í. Òwú tín-ín-tín ń fò lókè orí wọn nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kò bọ́, kò lọ, àfi bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló dúró tó ń mí. Bàbá rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ láì yíjú, ó ní, "Ọmọ mi, ilé kì í ṣe ògiri o. Ibi tí ara bá ti rọ èèyàn, ibẹ̀ nilé."

Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò nílùú tí wọ́n ti bí i, tí wọ́n sọdá sí ilẹ̀ òkèèrè.

Aránbùsùn ni bàbá rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Bàbá Tìmùtìmù lọ. Pálọ̀ ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òwú gòkè níbẹ̀ dé ìbàdí ọmọdé. Bàbá yóò máa fi igi méjì lù ú títí yóò fi wú, yóò kì í sínú àpò aṣọ onílà, yóò sì fi abẹ́rẹ́ tó gùn tó apá ọmọ ọdún márùn-ún gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò síbi tí òwú kì í dé nínú ilé náà. Ó ń bẹ nínú ọbẹ̀, ó ń bẹ nínú bàtà, ó ń bẹ lórí ìpéǹpéjú wọn bí wọ́n bá jí. Ìyá wọn a máa ní òun nìkan lobìnrin tó ń fi asẹ́ sẹ́ omi mímu nítorí ibùsùn.

Aládùúgbò kan wá lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Tìmùtìmù, ibùsùn tí ẹ rán fún mi yìí ti sọ mí di ọ̀lẹ o!"

Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀lẹ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló wí. "Mo kàn tẹ́ ibùsùn fún un ni."

Ọmọbìnrin méjì ló bí. Àkọ́bí, tí gbogbo wa ó máa pè ní Ẹ̀gbọ́n nínú ìtàn yìí, kì í fẹ́ràn òwú, ó ní ó ń rin òun nímú. Ṣùgbọ́n èyí àbúrò, inú òkìtì òwú ló fi ṣe ibi eré. Kì í jáde síta kí funfun má wà lórí rẹ̀, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Orí-òwú. Orúkọ náà tẹ̀lé e kọjá òkun. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí, orí ọ̀hún sì ti funfun ní tòótọ́; kò tún sẹ́ni tó lè bá orúkọ náà jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ sí òkèèrè, òun ló sì bá ìyá wọn wáṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n fẹnu kò pé ìyá àti àwọn ọmọ ni yóò ṣáájú. Bàbá yóò dúró ní pálọ̀ parí iṣẹ́ oníṣẹ́, yóò wá tẹ̀lé wọn. Oṣù mẹ́jọ ló fi tẹ̀lé wọn.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ́hùn-ún, lókè ilé ìfọṣọ. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ti ń yí lábẹ́ wọn, ilẹ̀ yàrá a sì máa gbọ̀n jẹ́jẹ́ bí ẹran ńlá tó ń sùn. Àwọn ọmọ méjèèjì a bọ́ bàtà, wọn a máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù. Òtútù ìlú náà kì í ṣe èyí tí à ń bá ṣeré. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó yẹ kí oòrùn ṣì máa ràn, ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Ìgbà yẹn ni ìyá wọn máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń sùn, tòun ti kóòtù lọ́rùn, yóò máa sọ ìtàn ilé fún wọn títí omi tíì yóò fi hó. Ohùn rẹ̀ àti ìró ẹ̀rọ a para pọ̀, Orí-òwú kì í sì í mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ oorun.

Nígbà tí bàbá dé, ó rí i pé ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe ibùsùn nílùú yẹn, kò sẹ́ni tó ń wá aránbùsùn. Ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí ló ti ríṣẹ́. Síbẹ̀, bó bá di Sátidé, á kó aya àtọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì, á dùbúlẹ̀ lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n wò. "Eléyìí ò lẹ́mìí." Á bọ́ sórí òmíràn. "Eléyìí ti kú kí wọ́n tó gbé e dé." Ní Sátidé kẹta, ẹni tó ń tajà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa lọ sílé wọn. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa Ẹ̀gbọ́n. Ìyá wọn ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá kò lọ mọ́. Ó di ẹni tí ń jókòó sójú fèrèsé, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ohun tí wọ́n ní kó bá wọn tọ́jú. Orí-òwú pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ́dún tí bàbá kú.

Orí-òwú kò bi bàbá léèrè ọ̀rọ̀ yàrá yẹn rí. Ta ló ń mú ẹ̀bùn padà lọ bá ẹni tó fún un, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fún mi?"

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún àga ọkọ̀ ojú irin ṣe ni Orí-òwú ti ń ṣiṣẹ́. Àga á dé tòun ti ohun tí èrò gbàgbé sínú rẹ̀: bọ́tìnì, tíkẹ́ẹ̀tì, ìyarun ọmọdé, àti lẹ́ẹ̀kan rí, eyín àgbà tí wọ́n máa ń kì bọ ẹnu. Wọn á ya ìbòrí àtijọ́ kúrò, eruku fóòmù á sì gbéra sókè sínú oòrùn tó ń ti fèrèsé gíga wọlé. Nígbà náà ni ọwọ́ Orí-òwú máa ń dẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ á ré kọjá ògiri. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, "ó ti lọ sílé. Yóò dé láìpẹ́." Ó ti sọ ìtàn yàrá náà fún gbogbo wọn, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ kó tó di olóògbé, ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò sọ ọ́ fún ni Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Kò kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun jowú ni.

Ẹ̀gbọ́n yìí, bọ́ọ̀sì èrò ló ń wà láti ìgbà tó ti pé ọmọ ogún ọdún. Òun ló ń fa Orí-òwú lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, òun ló bá olùkọ́ tó fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ fa wàhálà, òun náà ló wo àfẹ́sọ́nà àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kó tó gbà kí ó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ. Bí wọ́n bá bi í, á ní ibi tí òun ó gbé ọkọ sí kò sí nínú ọkọ̀ òun, ìjókòó ti kún.

Ní ìgbà tí ìyá wọn pé ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé di ọ̀tá rẹ̀. Àjà kẹrin ni yàrá rẹ̀ wà. Wọ́n pinnu pé kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Àkọ́bí ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kun yàrá, ó yá ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tó sì di òwúrọ̀ Sátidé, òun àti àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Ìyá jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé fìlà òtútù, ó gbé báàgì lé itan, ó ń ṣàkóso. "Ẹ rọra. Abọ́ wà nínú ìyẹn. Ìyẹn kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e."

Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, yàrá ti ṣófo. Orí-òwú wọlé láti wò ó bóyá nǹkan kù. Oòrùn ti wọ ibẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé dé ìdí ìlẹ̀kùn. Eruku tí wọ́n ti jí níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Kò mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó fi apá ṣe ìrọ̀rí, ó ń wo àjà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ara ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n wọlé tòun ti ìgbálẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá wò ó. Bó ṣe rí gan-an nìyí."

"Bí kí ni ṣe rí?"

Orí-òwú bá sọ ọ́, láì dìde, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ó sọ ti oòrùn, ó sọ ti òwú, ó sọ ohun tí bàbá wí nípa ilé àti ògiri. Ó sọ̀rọ̀ náà tán kó tó ṣàkíyèsí pé ìgbálẹ̀ kò ró mọ́.

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?" ni Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

"Ìwọ kọ́. Èmi ni."

Orí-òwú dìde jókòó.

"Èmi ni mo dùbúlẹ̀ ti bàbá wa," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọwọ́ òsì wọn ni mo wà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ògiri. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, 'Ìwọ ni àkọ́bí mi. Àbúrò rẹ wà lọ́rùn rẹ. Má fi í sílẹ̀ o.'"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má gba èyí lọ́wọ́ mi."

"Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Tèmi ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní òun, èkejì ní òun, ohùn ń ga sí i, àwọn àgbà méjì olórí ewú dúró sínú yàrá òfìfo, wọ́n ń fa òwúrọ̀ ọjọ́ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí ọmọdé ń fa bèbí. Ìyá gbọ́ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Ilé ti ṣófo, kí ló kù tí ẹ̀ ń jà lé lórí?"

Wọ́n jáde lọ bá a. Wọ́n rojọ́, ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, àbúrò tẹ̀ lé e. Ìyá fetí sílẹ̀, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé e, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló rí ojú Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín náà sì gbẹ.

"Kò sí ìkankan nínú yín níbẹ̀," ló wí.

Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti wà nínú ọkọ̀, ẹ̀ ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sétí fèrèsé. Bàbá yín, tó fẹ́ sìn wá lọ, ò jáde, mo bá padà wọlé lọ wò ó. Mo bá a nílẹ̀. Mo rò pé ó ṣubú ni. Ó ní, 'Ìyá wọn, wá dùbúlẹ̀ díẹ̀.' Aṣọ ìrìn-àjò mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló wà lọ́rùn mi. Mo dùbúlẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá sọ?" ni Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

Ìyá ń fi ìka ra ọwọ́ báàgì rẹ̀. "Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní, 'Kí ni ọwọ́ mi á máa ṣe níbẹ̀?' Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Awakọ̀ fun fèrè, a dìde."

"Ṣùgbọ́n, Màámi, mo rántí òórùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn!"

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún yín. Lókè ilé ìfọṣọ, lọ́dún àkọ́kọ́." Ó yíjú sí Orí-òwú. "Ìwọ, ojoojúmọ́ lò ń sunkún pé ká máa lọ sílé. Mo fi ọ́ sínú yàrá yẹn, mo fi ọ̀rọ̀ ilé sí bàbá rẹ lẹ́nu, o sì sùn." Ó wá yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ, o ò jẹun mọ́. O gé ọmọ kan jẹ nílé ìwé. Mo rò ó pé bí mo bá fún ọ níṣẹ́ ṣe, ara rẹ á wálẹ̀. Mo ní bàbá rẹ fi àbúrò rẹ lé ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an lo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun."

Ẹ̀gbọ́n rọra gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, bí ẹni pé gíláàsì ni. Ó sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti àjà kẹrin títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbọ́ ìlẹ̀kùn.

"Màámi," ni Orí-òwú wí, "ẹ ò bá ti sọ fún wa tipẹ́."

"Ọmọ mi, ó pẹ́ tí èmi náà ti gbàgbé pé irọ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, níwájú ìtọ́kọ̀, kò ṣíná. Orí-òwú wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan ń fọ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, omi ọṣẹ ń ṣàn lọ létí títì, ó ń gbé ojú ọ̀run dání.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ gbà mí. O mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo fẹ́ràn máàpù bí kí ni. Àmọ́ ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà jìn. Mo ní ta ni yóò máa mójú tó ọ? Mo kọ̀wé sí wọn pé mi ò wá mọ́." Ó fọwọ́ nu ìtọ́kọ̀ tí kò dọ̀tí. "Bàbá ṣì wà láyé nígbà yẹn o. Wọ́n wà ní yàrá kejì, wọ́n ń wo ìta. Mo lè bi wọ́n. Mi ò bi wọ́n, kí wọ́n má baà rò pé mo fẹ́ sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nù."

Orí-òwú ní, "Ṣé mo wúwo?"

"O wúwo." Ẹ̀gbọ́n rò ó wò. "Pàápàá lọ́dún tí o fẹ́ lọ fẹ́ ọkùnrin tó ń ta ẹja tí a kì í jẹ."

Ẹ̀rín já lẹ́nu Orí-òwú. Ẹ̀gbọ́n náà kò lè pa á mọ́ra, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin onígíláàsì fi bojú wẹ̀yìn. Ibi ẹ̀rín náà ni ẹkún gbà wọlé, ẹkún Ẹ̀gbọ́n ni, kò sì lárìíwo. Orí-òwú kò tíì rí i rí. Kò gbá a mọ́ra. Ó kàn fi èjìká ti èjìká rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ilé mi là ń gbé Màámi lọ," ni Orí-òwú wí nígbà tó ṣe.

"Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀. Mo ti kun yàrá."

"Ẹ gbé nǹkan tó wù yín síbẹ̀."

"Àkọ́bí ni mí."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó wa ọkọ̀."

Wọ́n padà gòkè. Wọ́n mú ìyá wọn sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ní àjà kejì, ìyá dúró, kì í sì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó di apá Ẹ̀gbọ́n mú. "Má bínú, ọmọ mi."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, Màámi," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Àtẹ̀gùn yìí ń yọ̀." Ṣùgbọ́n kò gba apá rẹ̀ kúrò títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé oríta tó yẹ kó ti yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì.

Bí ìyá ṣe di ará ilé Orí-òwú nìyẹn. Kò rọrùn bí wọ́n ṣe rò. Ìyá ní tẹlifíṣọ̀n wọn ń pariwo, ó ní wọn ò mọ tíì í sè, ó sì fẹ́ràn kó máa ṣí fèrèsé nínú òtútù. Lẹ́nu iṣẹ́, Orí-òwú rò pé yàrá àtijọ́ ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, àmọ́ kò lọ. Ó ṣì ń dé, Orí-òwú kàn ń rí i láti ọ̀kánkán ni, bí ẹni tó ń gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wo ilé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n gba ìsinmi níbi iṣẹ́, èyí tí kò gbà rí láti ọdún tó ti ń wakọ̀. Òun nìkan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó dé, oòrùn ti sun imú rẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló ṣe níbẹ̀, ó ní òun rìn. Wọ́n ní kí ló tún ṣe? Ó ní òun tún rìn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wá kí wọn. Òjò ń rọ̀ wínníwínní. Ó jókòó sórí àga gígùn pé kí òun kàn sinmi díẹ̀ kí òun tó máa lọ, ó ń sọ fún ìyá nípa ẹja kan tí òun jẹ, ọ̀rọ̀ náà sì dá sí i lẹ́nu. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà láàárín ìka rẹ̀.

Ìyá gbé ìka lé ètè. Orí-òwú rọra wá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ pa iná lábẹ́ kẹ́tùlù omi tíì kí ó má baà súfèé jí i lójú oorun.